Alẹ́ẹ̀tì wọlé, owó ò wọlé
Gbàǹjo òrùka wúrà tí à ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì parí láàárọ̀ yìí ní ₦600,000. Ẹni tó borí fi àwòrán rìsíìtì ₦650,000 ránṣẹ́: “Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì ni, ẹ dá ₦50,000 padà. Ọlọ́kadà mi ti dé ẹnu ọ̀nà.” Alẹ́ẹ̀tì wọlé lóòótọ́, pẹ̀lú orúkọ báńkì. Ṣùgbọ́n àwọn gbájú-ẹ̀ lè fi orúkọ báńkì èyíkéyìí ránṣẹ́! A ṣí áàpù, a wo iye tó wà nínú àkáǹtì: kọ́bọ̀ ò wọlé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, áàpù tàbí kóòdù USSD báńkì yín nìkan ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ìkánjú yẹn gan-an ni ìwà wọn, kẹ́ ẹ má baà ráyè wò ó. Bí wọ́n bá ní owó ṣèèṣì lé, ẹ ní kí wọ́n lọ bá báńkì wọn.