Ọmọ mi lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Kétu

Tí ẹnì kan bá bi mí ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, pé ọmọ mi dà, mo kàn máa ń sọ pé ó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Wọ́n á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ parí. Mo sọ gbólóhùn kan náà lọ́jà Kétu, nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lọ́dún tó kọjá, ìyá aláta wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Ìyẹn náà ni ìròyìn? Ọ̀dọ̀ ta ni ì bá wà?"

Ọmọ Kétu ni èmi àti bàbá rẹ̀. Lyon la ti pàdé, Lyon náà la ti túká, ọmọ wa jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Adájọ́ ọ̀rọ̀ ẹbí ló pín in fún wa. Ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé. Bàbá rẹ̀ yóò máa mú un ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, yóò fo ìkejì, yóò sì ní ìlàjì gbogbo ọlidé iléèwé. Ẹni tí kò bá gbé Faransé rí á rò pé mò ń ṣàwàdà, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ọdún tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣeé pín sí méjì, bàbá ló ni ìlàjì àkọ́kọ́, èyí tí kò bá ṣeé pín, ìlàjì kejì ni tirẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni gbígbà, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni dídá padà. Mo lẹ ẹ̀dà ìwé náà mọ́ ara fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ níléèwé lọ́sẹ̀ yẹn.

Níbẹ̀rẹ̀, ó ń wá. Nígbà tó yá, ó ń pẹ́. Nígbà tó tún yá, a ò rí i mọ́ fún bí ọdún kan. Nígbà tó wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ padà, adájọ́ ní kó má tíì mú ọmọ lọ sílé, kí wọ́n kọ́kọ́ máa pàdé níbi tí wọ́n ń pè ní espace de rencontre, ibi tí òbí àti ọmọ ti ń pàdé lójú ẹlòmíràn, Sátidé méjì lóṣù, wákàtí méjì lẹ́ẹ̀kan. Yàrá kan ni. Àga kéékèèké wà níbẹ̀, ọkọ̀ oníke kan tí táyà rẹ̀ ti yọ, àti obìnrin kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo máa ń fi ọmọ sílẹ̀ kí bàbá rẹ̀ tó dé, kí a má baà pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Agbo ilé tiwa àti tiwọn ní Kétu kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síra wọn! Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe nítorí tirẹ̀ o, ìtìjú ló pa mí.

N kò ní purọ́ mọ́ yàrá yẹn ṣá. Fún wákàtí méjì, bàbá àti ọmọ nìkan ni. Kò sí ìyá tí yóò bá a gbé e, kò sí àbúrò obìnrin tí yóò fún un lóúnjẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń nu imú ọmọ. Ọjọ́ kan ọmọ náà délé, ó ní, "Pàpá ò mọ bí wọ́n ṣe ń ta ayò yìí, mo kọ́ ọ."

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀gbẹ́ni padà sí Kétu pátápátá. Ó wá ku ìpè WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú. "Ça va?" (ṣé dáadáa ni?) "Ça va." (dáadáa ni.) Ìdákẹ́. "Iléèwé ńkọ́?" "Ça va." Ìdákẹ́. Èmi ni mo máa ń gba fóònù kí n fi dágbére, nítorí ó ń sú mi láti máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Ọdún méjì ló fi ń bẹ̀ mí pé kí n fi ọmọ ránṣẹ́ fún ọlidé ńlá. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo gbà. Bí mo ṣe gbà báyìí, ìwé dé. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni Faransé ti dá òfin náà padà pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, tó ń gbé níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sọdá ibodè láìsí òbí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àfi tí òbí bá buwọ́ lu ìwé ìyọ̀ǹda, kó sì fi ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀ tirẹ̀ sí i. Mo buwọ́ lù ú, torí pé ìyá ará ìlú wa kan ló bá mi mú un lọ. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, mo ra oògùn ibà. Mo wá kọ gbogbo ìwà rẹ̀ sí ojú ewé kan: aago tó ń sùn, oúnjẹ tí kì í jẹ, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nígbà tí mo dé Kétu lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, abẹ́ ìrọ̀rí ìyá bàbá rẹ̀ ni mo ti bá ìwé náà, bí mo ṣe ṣẹ́ ẹ ló wà. Màmá ní ìwé gidi ni, òun ń tọ́jú ẹ̀ ni.

Ní Kétu, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ìwé kankan. Èmi ni mo kúnlẹ̀ tán tí mo ní kí a jọ ṣètò ọjọ́ tí yóò lò lọ́dọ̀ tiwọn àti èyí tí yóò lò nílé bàbá tèmi. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ìyàwó, ṣé iṣu ni? Ẹ̀ ń gé ọmọ lóhùn-ún ni?" Kì í ṣe pé Bẹ̀nẹ̀ kò lófin. Òfin ẹbí wà láti ọdún 2004, ilé ẹjọ́ wà, àwọn obìnrin mìíràn sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pe ilé ọkọ rẹ̀ lẹ́jọ́ ní Kétu, kó yáa mọ ọjà tí yóò máa ná lẹ́yìn náà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ọ̀hún, mo máa ń pe bàbá rẹ̀ láràárọ̀ láti Lyon. "Ọmọ dà?" "Ó wà ńbẹ̀." "Níbo?" "Ńbẹ̀ náà." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Ní Lyon, tí ọmọ bá lọ síbi ìṣeré tí ìjọba ìlú ń ṣe lásìkò ọlidé, oṣù bíi mélòó kan ṣáájú la ti forúkọ sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó buwọ́ lùwé kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi, a ti jọ gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, n kò mọ orúkọ àbísọ rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí ohun tí "ńbẹ̀" ọ̀gbẹ́ni jẹ́ nígbà tí mo débẹ̀: ilé mẹ́ta ni ọmọ mi ti ń jẹun kí oòrùn tó kàn án lórí.

Ohun tó kọ́kọ́ dà á láàmú ni àwọn ìyàwó ilé. Gbogbo wọn, títí dé ìyá arúgbó tó ń fọ́jú, ń pè é ní "ọkọ mi". "Ọkọ mi, wá gba àkàrà." "Ọkọ mi, ṣé o ti wẹ̀?" Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú rẹ̀ le, ó fi Faransé bi mí pé ìyàwó mélòó ni òun ní.

Ó rí epo kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, nínú ìgò lẹ́bàá títì, ó rò pé omi èso ápù ni, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó fà á lọ́wọ́. Oúnjẹ ló gbà á lákòókò jù. Ọmọ mẹ́fà yí abọ́ kan po, òun ń wá fọ́ọ̀kì. Màmá bu tirẹ̀ lọ́tọ̀, ojú tì í, ó kọ̀ ọ́, ó sùn pẹ̀lú ebi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n ní òun ló ń kọ́kọ́ mú wàrà tó wà lójú ọbẹ̀. Ẹja tí mo kọ sínú ìwé pé kì í jẹ, orí rẹ̀ ló wá ń bá wọn jẹ.

Gbogbo ìyẹn dùn mọ́ mi. Ibi tó ti dùn mí ni ọjọ́ tí mo bi í pé kí ni òun àti bàbá rẹ̀ ti jọ ṣe. Ó ronú. Ó ka ọ̀kan: wọ́n lọ sí Akaba Ìdẹ́nà, ilẹ̀kùn ìlú Kétu àtijọ́. Ó tún ronú. Ó ní, "Ó máa ń wọlé tí mo bá ti sùn." Láti Ìlárá, lẹ́bàá ibodè Nàìjíríà, sí Kútọnu ni ọ̀gbẹ́ni ti ń kó ọjà, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ márùn-ún! Agbo ilé ló bá a wẹ ọmọ, tó bá a bọ́ ọ, tó bá a nà án lẹ́ẹ̀kan pàápàá, òun ń wọlé ń jáde bí ayálégbé, gbogbo ìlú sì ń kí i pé ó kú ọmọ. Kétu a máa bo bàbá láṣìírí. Nínú yàrá Lyon yẹn, kò síbi tí ì bá sá sí.

Mo rọra sọ ọ́ fún Màmá. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Bàbá tìẹ náà ńkọ́, ìgbà wo lò ń rí wọn?" Oko ni bàbá mi máa ń wà. N kò rí èsì fọ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní.

Ọ̀kan tí ọmọ kà yẹn, ó rò ó fún mi tán pátá. Ọjọ́ Àìkú ni, bàbá rẹ̀ gbé e sórí ọ̀kadà. Ó fi ilẹ̀kùn ìlú hàn án, ó fi yàrà hàn án, ó sọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fún un: ta ní lè tú iké, ta ní lè fọ́ Kétu? Ó wá sọ pé Dàhòmì fọ́ ọ lọ́dún 1886, wọ́n kó àwọn ènìyàn lẹ́rú lọ; pé ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún ìlú kọ́. Ọmọ mi ní, "Faransé wo? Èyí tí à ń gbé?" Bàbá rẹ̀ ní òun náà ni. Ó tún béèrè pé kí ni kóòdù ilẹ̀kùn náà, torí ní Lyon, ilẹ̀kùn tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kóòdù.

Nígbà tó ku ọ̀la kí a padà, ọ̀gbẹ́ni fa abo ewúrẹ́ kan wọ àgbàlá, funfun, etí kan dúdú. Ó so aṣọ pupa mọ́ ọn lọ́rùn. "Tìẹ ni." Èmi rò ó lọ́kàn mi pé ẹ̀bẹ̀ olówó pọ́ọ́kú rèé. Ọmọ mi kò rò bẹ́ẹ̀. Ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọlidé oṣù kẹwàá dé, ìlàjì rẹ̀ ṣì jẹ́ ti bàbá lórí ìwé ara fíríìjì, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. Ìpè ọjọ́ Àìkú ò yẹ̀. Àmọ́ ọmọ ló ń pè báyìí, kò sì sí "ça va" kankan: ṣé ó ti jẹun, ta ló ń já ewé fún un, ṣé òjò ò pa á. Bàbá rẹ̀ ní láti dìde lọ wò ó kó tó lè dáhùn. Ọjọ́ kan ó ní kó dúró, ewúrẹ́ náà ti bí méjì. Ọmọ mi ní kó ya fọ́tò wọn wá. Fọ́tò náà dé, ó ṣú díẹ̀, àtàǹpàkò bàbá rẹ̀ bo ìdajì ọmọ ewúrẹ́ kan. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gé apá ibẹ̀ kúrò. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.