Kọ́pà Tó Fẹ́ Tẹ́wọ́gba Wàrà

Ọmọ Yorùbá ni agùnbánirọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Inú rédíò bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ Yorùbá tó gbé wá sí Ìlọrin, ìròyìn aago méje sì ni olùkọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń gbọ́ ìròyìn dáadáa á ti ṣàkíyèsí pé kò sẹ́ni tó ń ra nǹkan níbẹ̀. Gómìnà a tẹ́wọ́gba àbọ̀ ìgbìmọ̀, ọba a tẹ́wọ́gba àlejò, ẹgbẹ́ òṣèlú a tẹ́wọ́gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá fi ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni kọ́pà wa ti mọ̀ pé bí nǹkan ṣe ń bọ́ síni lọ́wọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan, ó wọ ọjà Ìpàta lọ ra wàrà. Owó rẹ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò kákí. Ọwọ́ méjèèjì ló tẹ́ síwájú, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọwọ́ kan ṣoṣo kò yẹ níwájú àgbà.

"Ẹ kú ọjà o, mà. Mo fẹ́ tẹ́wọ́gba wàrà márùn-ún."

Ìyá oníwàrà wò ó láti fìlà dé bàtà. "Ìjọba ò tíì san owó oṣù ẹ ni, Kọ́pà?" Ó mú wàrà méjì, ó sọ ọ́ sínú ọ̀rá. "Gbà, ọmọ mi. Kí Ọlọ́hun gbà á ní sàárà." Aláta tó jókòó tì í ju tòmátì mẹ́ta sí i. Ọmọ kékeré kan tó ń kiri omi inú ọ̀rá dúró, ó ń wo agbọ̀n rẹ̀, ó ń rò ó.

Kò sẹ́ni tó ṣì í gbọ́ o. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí ẹni tú rédíò. "Tẹ́" ni ohun tí à ń ṣe fún ẹní. "Ọwọ́" la tẹ́. "Gbà" ló kẹ́yìn. Ẹyọ mẹ́ta péré, kò sì sí ibi tí owó lè gbà wọlé láàárín wọn. Ẹ sọ pé "mo ra wàrà ní 1,000 náírà", ó dán. Ẹ wá sọ pé "mo tẹ́wọ́gba wàrà ní 1,000 náírà", gbólóhùn náà á yarọ níbi tí "ní" wà gan-an, torí ẹni tó tẹ́wọ́ kì í bèèrè iye. Bó bá jẹ́ ìwé àbọ̀ ni wọ́n gbé fún gómìnà, kò burú, kò sẹ́ni tó ń tà á. Àmọ́ tó bá jẹ́ nǹkan jíjẹ ni, lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, ní Ìlọrin, alágbe lẹnu ẹ ń pe ara ẹ.

Bàbá kan tó ń ra ata níbẹ̀ fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ó ní: "'Tẹ́wọ́' yẹn ló bà á jẹ́. Yọ ọ́ kúrò." Ìdajì ìmọ̀ràn nìyẹn, ìdajì ìmọ̀ràn sì burú ju àìgbà rárá lọ. Kọ́pà yọ "tẹ́wọ́", ó mú "gbà" tó ṣẹ́kù, ó di ìsọ̀ alápatà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo fẹ́ gba ẹran lọ́wọ́ yín."

Ọ̀bẹ dúró lórí pákó.

"Ra ẹran lọ́wọ́ alápatà", oúnjẹ alẹ́ nìyẹn. "Gba ẹran lọ́wọ́ alápatà", ó di ìjà. Bí "lọ́wọ́" bá ti tẹ̀ lé "gbà", ohun tó kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn ní gáréèjì. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gba ṣéńjì lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó lè gba owó oṣù, ó lè gba ìwé ẹ̀rí, kò sì sẹ́ni tó máa pariwo olè, nítorí ohun tó ti jẹ́ tiwa tẹ́lẹ̀, "gbà" ló ni í. Ẹran tó wà lórí pákó ò tíì di ti kọ́pà. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó gé sí méjì ti sọ ọ́ di alágbe, ó tún sọ ọ́ di adigunjalè.

Ọ̀dọ̀ elépo ló ti náwó. Ibẹ̀ ló ti fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí i: "Ǹjẹ́ mo lè rí epo gbà?" Yorùbá gidi ni, kò lábùkù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun tó bá ti wọ́n la máa ń rí gbà tàbí tí a kì í rí gbà. Elépo gbé ìdérí lé kẹ̀ẹ̀gì. "Kí ló dé? Epo ti wọ́n níbòmíì ni?" Kó tó rí ìgò rẹ̀ yọ nínú àpò, epo tó jẹ́ 1,500 náírà lówùúrọ̀ ti di 1,800.

Gbogbo ohun tó ń wá, "tà" ló wà nídìí ẹ̀. Oníbàárà ní ọjà wa kì í sábà sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe. Ohun tí ọlọ́jà máa ṣe ló ń sọ. "Ẹ ta wàrà márùn-ún fún mi." Ìyá á kàn bèèrè bóyá tútù ni àbí díndín, ó parí. Kíkà ni wọ́n ń ka wàrà, ìyẹn ló jẹ́ kí "tà" tó fún un. Ohun tí ọlọ́jà bá máa fọwọ́ wọ̀n, ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀ la máa ń lò: ẹ wọn gàrí múdù kan, ẹ gé ẹran 2,000, ẹ rọ epo ìgò kan, ẹ ṣa tòmátì 500. Lọ́dọ̀ olóúnjẹ, ẹ bu àmàlà. "Mo fẹ́ ra gàrí" náà dára, ṣùgbọ́n "èló?" ni wọ́n máa fi dáhùn, ẹ ó tún padà sórí "ẹ wọn" náà ni.

Wọ́n ṣàlàyé gbogbo èyí fún kọ́pà lórí ìjókòó nídìí ata, aláta fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín débi tó fi gbàgbé pé òun ń tajà. Àmọ́ ẹ̀rù ti ba ọmọ náà. Ó pinnu pé òun ò ní lo ọ̀rọ̀ ìṣe kankan mọ́.

Jímọ̀ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé iwájú ìyá oníwàrà, ó na owó síwájú.

"Wàrà. Márùn-ún. Tútù."

Ìyá ò wo owó náà. Ó rọra fi ọmọrí bo igbá.

"Kọ́pà, ṣé wọn kì í kí èèyàn nínú rédíò bàbá ẹ ni?"