Ẹ má fi ẹ̀mí ẹni tó ń lo ọ́síjìn lé ínfátà nìkan lọ́wọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí nílé, ẹ ò nílò kí n máa ṣàlàyé bí àyà ṣe máa ń já tí iná bá lọ. Àwọn ẹlòmíràn á ní "wọ́n tún ti mú un lọ", wọ́n á yí ẹ̀gbẹ́ padà, wọ́n á máa sùn lọ. Àwa á ti dìde. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì gbóná lára mi, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹnìkan lè rí i lò kó tó kan ilé tirẹ̀.

Màmá mi ni mò ń tọ́jú, n'Ìbàdàn níbí. Ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń dáná igi yan gààrí tà, dókítà sì ní èéfín yẹn wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀rọ ọ́síjìn lita 5 ni wọ́n ń lò, èyí tó máa ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, tó ń sẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ sọ́tọ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ gba inú rọ́bà tó wà nímú wọn. Lita 2 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n kọ fún wọn. Àwọn kan ti ń bi mí pé kí ló dé tí a ò fi wọ́n sílẹ̀ sí ọsibítù. Ọsibítù ló ní ká máa gbé wọn lọ sílé, pé ìtọ́jú tó kù, ilé la ti máa ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Iná lọ lóru, ínfátà gbà á. Ẹni tó bá wa ṣe ínfátà ti fọwọ́ sọ̀yà pé bátìrì kan ṣoṣo yẹn á gbé ẹ̀rọ Màmá di àfẹ̀mọ́júmọ́. Ilẹ̀ ò tíì sún mọ́ mímọ́ rárá tí ínfátà fi bẹ̀rẹ̀ sí í han píì, píì, píì. Àbúrò mi ọkùnrin sáré jáde lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ó fa okùn rẹ̀, ó tún un fà, okùn já sí i lọ́wọ́. Kó tó wọlé padà, ínfátà ti kú, ẹ̀rọ ọ́síjìn sì figbe ta, igbe gbọọrọ tó máa ń ké tí iná bá já lára rẹ̀.

Màmá dìde jókòó. Wọ́n fọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì mú, wọ́n tẹ̀ síwájú, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń fi há ìka wọn, tó ń sọ bí ọ́síjìn ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, kọ 90. Mo wo ojú wọn, mo tún wo ẹ̀rọ náà, ó ti di 85. Wọ́n fẹ́ pè mí, orúkọ mi ò pé lẹ́nu wọn. Sílíńdà ọ́síjìn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn o! Ó kún, régúlétọ̀ wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e wá ti mú sípánà tí wọ́n fi ń ṣí orí rẹ̀ lọ. Ó ní òun á mú òmíràn wá. A pè é, a pè é, kò mú un wá. Mo fọwọ́ yí i, kò mira. Mo fi pláyà yí i, pláyà ń yọ̀. Ẹ̀rọ kọ 79. Ẹnìkan fẹ́ ṣáná sí àbẹ́là kí a lè ríran, mo pariwo mọ́ ọn pé kó má dán an wò, torí níbi tí ọ́síjìn bá wà, iná kékeré kì í pẹ́ di ńlá.

Mẹkáníìkì kan ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, àgbàlagbà ni. Àbúrò mi lọ lu ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n gbé sípánà wá, ṣùgbọ́n epo mọ́tò ti mu ún látòkè délẹ̀. Wọ́n sì ti kọ́ wa pé epo ò gbọdọ̀ kan ẹnu sílíńdà ọ́síjìn, ó lè gbiná. Mo gba sípánà náà, mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ìró mi nù ún gbẹ. Ẹ rò ó wò: kéèyàn máa fọ sípánà nígbà tí ìyá rẹ̀ ò rí èémí fà. Mo ń gbọ́ bí ọ̀fun wọn ṣe ń dún lẹ́yìn mi. Bàbá náà ń sọ pé, "Fara balẹ̀, ọmọ mi, fara balẹ̀." Ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí ọṣẹ fi ń já bọ́.

Ó ṣí. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìka padà sí 90, Màmá sùn, wọ́n wà dáadáa báyìí, a dúpẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́ nìyí: ẹ ní sílíńdà nílé, kí sípánà rẹ̀ sì wà ní síso mọ́ ọn lọ́rùn. Sílíńdà ò nílò iná, kò nílò epo bẹntiróòlù, kò sí okùn tó máa já. Kékeré tó gba bíi lita 680 á gbé ẹni tó ń lo lita 2 ní ìṣẹ́jú kan fún wákàtí 5 ó lé díẹ̀. Ńlá tó gba lita 6,000 á gbé e fún ọjọ́ 2. Tí ẹ bá ṣí i, iye tí dókítà kọ ni kí ẹ fi sí. Ẹ má torí ìpayà fi kún un, torí ọ́síjìn àpọ̀jù léwu fún irú ẹ̀dọ̀fóró ti Màmá.

Ní ti ínfátà, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀rọ lita 5 máa ń jẹ bíi wọ́ọ̀tì 350. Bátìrì 12 fóòltì tó jẹ́ 200 Ah ní 2,400 wọ́ọ̀tì-wákàtí nínú lórí ìwé, ṣùgbọ́n bátìrì olómi, ìdajì rẹ̀ ni kéèyàn gbójú lé kó má bàa tètè bàjẹ́. Ẹ pín 1,200 sí 350, wákàtí 3 ó lé díẹ̀ nìyẹn, ínfátà fúnra rẹ̀ á sì tún jẹ nínú rẹ̀. Kí fáànù tó dá sí i nìyẹn o. Níbo wá ni àfẹ̀mọ́júmọ́ ti jáde? Bátìrì lithium ṣeé lò tán jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe owó kékeré, kí ẹnikẹ́ni má bú ẹni tí ò ní in. Àwọn tó ń sọ pé ká ra sólà, oòrùn kì í ràn lóru. Àwọn tó ń sọ pé ká kó lọ sí àdúgbò Band A, ìyẹn àwọn tó ń san owó iná jù kí iná wọn lè pọ̀ jù, wákàtí 20 lóòjọ́ ni wọ́n ṣèlérí rẹ̀ ní 2024. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí, wákàtí 24 ló ń mí. Ọdún 2024 yẹn náà sì ni grid, ìyẹn okùn iná gbogbo orílẹ̀-èdè, wó léraléra, tí Band A pẹ̀lú wà nínú òkùnkùn. Sílíńdà ò mọ grid.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, kì í ṣe fàráńdà. Gáàsì olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tó máa ń pani láìrùn, ẹ̀rọ ìka ò sì lè dá a mọ̀. Ẹ̀rọ ìka lè máa kọ 98 nígbà tí gáàsì náà ti gba inú ẹ̀jẹ̀ ẹni náà.

Tí wọ́n bá gbé sílíńdà wá, ẹ ní kí wọ́n ṣí i lójú yín, kí ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ orí régúlétọ̀ gbéra, kí wọ́n sì fi sípánà sílẹ̀. Kó tó di pé wọ́n ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹ má tíì sanwó.