Alice Ramsey wa Maxwell la Amẹ́ríkà já, 1909

Nígbà náà, mọ́tò oníbátìrì làwọn iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà sábà máa ń polówó fún obìnrin: kò pariwo, kò rú èéfín, kò sì sí irin tí èèyàn ó yí kó tó ṣíná. Àmọ́ ìgboro ló mọ. Ibi tí kò bá ti síná mànàmáná, ó parí. Maxwell-Briscoe, tó ń ṣe mọ́tò elépo, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fún Alice Ramsey, ẹni ọdún 22 láti ìlú Hackensack ní New Jersey, ní ọkọ̀, wọ́n sì gbé bùkátà rẹ̀ dé San Francisco. Obìnrin mẹ́ta bá a lọ, kò séyìí tó mọ ọkọ̀ wà nínú wọn. Ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ni wọ́n gbéra ní New York, nínú òjò.

Irin yíyí yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Awakọ̀ á kọ́kọ́ dá àkókò tí plọ́ọ̀gì ń ṣáná sẹ́yìn. Á wá fa irin náà sókè, kò ní tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, àtàǹpàkò àti ìka yòókù á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà. Bí plọ́ọ̀gì bá ṣáná kí písítìnnì tó gòkè tán, ẹ́ńjìnnì á yí padà, irin á gbá ọwọ́, eegun lè kán. Kò sí géèjì epo, igi ni wọ́n ń tì bọ táńkì. Iná iwájú ń jó gáàsì tí omi àti kábáìdì ń mú jáde, kábáìdì táwọn wẹ́dà wa ń lò gan-an.

Ìgbà 11 ni wọ́n pààrọ̀ táyà. Ẹrẹ̀ Iowa ló burú jù: nǹkan bíi máìlì 360 jẹ ọjọ́ 13 lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí rédíétọ̀ hó gbẹ, kò sí korobá. Ife kékeré tí wọ́n ń kó búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sí ni wọ́n fi bu omi kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kún.

Wọ́n kọjá odò Mississippi tán, ìwé atọ́nà ò sí mọ́. Òpó wáyà ni wọ́n ń tẹ̀ lé: ibi tí wáyà bá ti pọ̀ jù ni ìlú ṣeé ṣe kó wà. Ní Utah, táyà iwájú kó sí ihò ẹranko, bóòtù sì yọ lára irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ni wọ́n wọ San Francisco, lẹ́yìn nǹkan bíi máìlì 3,800.

Ọdún 1912 ni Cadillac gbé mọ́tò elépo tí bátìrì ń bá ṣíná, láìsí irin yíyí, jáde. Síbẹ̀, ìyàwó Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò elépo fúnra rẹ̀, Clara, mọ́tò oníbátìrì Detroit Electric ti ọdún 1914 ló ń wà.