Nọ́ọ̀sì tó ká Àǹtí wa mọ́ "a dúpẹ́"

Àwọn dókítà gé apá òkè nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún Àǹtí wa ní London níbí torí jẹjẹrẹ (ẹ má bi mí bóyá wọ́n ń mu sìgá o, wọn ò fẹnu kàn án rí, ó ń mú ẹni tí ò mu sìgá náà). Gbogbo wa rò pé iṣẹ́ abẹ ti parí, ó bùṣe. Irọ́ ni jàre, ìgbà yẹn niṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ àwọn àgbà wa ṣá. Tí wọ́n bá ní kí Àǹtí fún ìrora ní máàkì láti 0 dé 10, "Mo wà dáadáa, a dúpẹ́" ni, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè wúkọ́, tèèyàn ò bá sì lè wúkọ́ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni nimóníà ti máa ń wọlé. Nọ́ọ̀sì kan tó wá láti Philippines ló ká wọn mọ́. Kò béèrè máàkì kankan, ó ní "Mummy, ẹ mí kanlẹ̀ kẹ́ ẹ wúkọ́ fún mi," ó wá ń wojú wọn. Ojú jẹ́wọ́. Kíá ló pe àwọn tó ń rí sọ́rọ̀ ìrora, wọ́n tún oògùn wọn ṣe, ó wá ká tówẹ̀lì, ó ní kí Àǹtí máa gbá a mọ́ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n là kí wọ́n tó wúkọ́. Ikọ́ jáde!

Wọ́n tún kọ̀ láti rìn, torí ẹ̀yìn aṣọ ọsibítù yẹn là gbayawu. Dípò kó máa rọ̀ wọ́n, ó ní ká gbé ìró wá látilé. Báyìí ni Àǹtí ró ìró rìn ní kọ́ridọ̀, nọ́ọ̀sì ń gbé ike tí rọ́bà àyà wọn (èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ kó máa fa omi àti afẹ́fẹ́ jáde) ń dà sí dání, nísàlẹ̀, torí kò gbọ́dọ̀ ga ju àyà lọ. Ti èjìká ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń gbọ́wọ́ sókè ṣe nílé, wọ́n ní gèlè, ó ní ó yá, ẹ máa wé e láràárọ̀, kí èjìká má bàa gan.

Kí wọ́n tó dá yín sílẹ̀, ẹ gba nọ́mbà nọ́ọ̀sì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ìhà Àǹtí ń kú tipiri, tó tún ń ta wọ́n, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti fẹ́ gbààwẹ̀ lé e, àṣé iṣan ìmọ̀lára tí iṣẹ́ abẹ dà láàmú ni, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Fóònù kan ló yanjú ẹ̀.