Bí A Ṣe Ń Béèrè Ọ̀rọ̀ Owó Orí Lọ́wọ́ Àwọn Ẹ̀gbọ́n Ẹnu Iṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fi fọ́tò yíyà jẹun, mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ lẹ máa ń bi léèrè ọ̀rọ̀ owó orí kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ akáńtáǹtì, n kò sì rí àléébù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ni yóò sọ fún yín pé bí kọ́ńpánì tí ẹ ya fọ́tò fún bá yọ owó orí nínú owó yín fún ìjọba, kí ẹ tètè gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, torí òun lẹ ó fi dín owó orí yín kù, akáńtáǹtì kọ́ńpánì náà tó mọ̀ yín lónìí sì lè ti kúrò níbẹ̀ kí ọdún tó parí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ti kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ ara tirẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n ń sọ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé ẹni tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 25 lọ́dún kò ní san nǹkan kan. Òfin ọdún 2019, tí òfin tuntun ti rọ́pò láti oṣù Kìíní ọdún 2026, sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ nípa owó orí kọ́ńpánì ni. Orúkọ òwò lásán ni ọ̀pọ̀ yín fi sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpánì sílẹ̀, lójú òfin ẹ̀yin àti òwò náà kò sì yàtọ̀, ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé lẹ ó san owó orí fún. Bákan náà, ẹni tó san tirẹ̀ lábẹ́ òfin àtijọ́ yóò ní kí ẹ kọ́kọ́ yọ ₦200,000 àti 20% owó tó wọlé; láti oṣù Kìíní ọdún 2026, ìyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. ₦800,000 àkọ́kọ́ ni kò ní owó orí nínú báyìí, ẹ sì lè yọ 20% owó ilé tí ẹ san, àmọ́ iye tí ẹ ó yọ kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ, nítorí náà ẹ má sọ rìsíìtì lánlọ́ọ̀dù nù.

Ẹ fi ọ̀wọ̀ bi ẹ̀gbọ́n pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọdún wo lẹ san án, ìpínlẹ̀ wo lẹ sì wà nígbà náà?” Ọ̀rọ̀ ilé yíyá pẹ̀lú ń fẹ́ irú ìbéèrè yìí, torí òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 yọ Ikoyi, Victoria Island, Apapa àti GRA Ikeja sílẹ̀, ohun tó gba ará Surulere lè má gba ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù ní Ikoyi.

Bí ìwé iye owó orí bá wá fi orúkọ yín jáde, akáńtáǹtì tàbí lọ́yà ni kí ẹ gbé e lọ bá lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni òfin fún yín láti ta kò ó, bí ó bá sì kọjá, iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti di gbèsè.