Ẹ bá mi dúpẹ́, kí ẹ sì bá mi kí Màmá Ẹlẹ́kọ

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbé Olúwa ga! Lánàá ni adájọ́ dá ẹjọ́ adigunjalè tó kó owó ṣọ́ọ̀bù mi, ojú mi ló ṣe. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ọ̀yọ́?

Ẹ rántí alẹ́ Ẹtì, 22 oṣù Kẹwàá 2021. Nǹkan dún gbòlà, mo ní tìráńsífọ́mà ló tún bẹ́. Àfi bí ìbọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ẹnìkan fi kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò lè dáhùn. Màmá Ẹlẹ́kọ ni, ìyá olè yẹn. Ìyá tó bí i! Wọn ò wọ bàtà, gèlè wà lọ́rùn wọn, ògì ti gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ dé ìgbúnwọ́. Wọ́n ní, "Ìyá Bọ́lá, ó ti jáde. Ó pè mí. Ó ń bèèrè bóyá ilé yìí lo ṣì ń gbé. Dìde." Wọ́n ki owó bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì dúró tì mí títí mo fi rí ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ wọ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà náà la gbọ́ pé àdó olóró ni wọ́n fi fọ́ ògiri ẹ̀wọ̀n Abolongo, tí èèyàn tó lé ní 800 sì bọ́ sígboro. Àwọn tó ń retí ìdájọ́ ló lọ. Òun náà sì ń retí ìdájọ́! Ìgbà mélòó ni mo lọ jẹ́rìí tí wọ́n ní kí n padà wá lóṣù tó ń bọ̀?

Màmá sọ fún mi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà tó ti ń pa wọ́n lẹ́kún. Ó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, kò parí. Fóònù ló kọ́kọ́ jí, ọ̀kadà ló tẹ̀ lé e, ìbọn ló gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ra fóònù ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí ẹ ò mọ ibi tó ti rí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fi ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo gbọ́ yín. Ẹ̀yin ará gáréèjì tí ẹ ń pe olè yìí ní Bàbá nítorí ọtí rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù mi lẹ̀ ń mu o.

Bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ Oyènúsì, adigunjalè tí wọ́n ń pè ní Dókítà, pé ó ń rẹ́rìn-ín lọ síbi tí wọ́n ti yìnbọn pa á ní Bar Beach ní 1971. Tiwa yìí, tí wọ́n padà rí mú, kò rẹ́rìn-ín lánàá. Ojú ìyá rẹ̀ ló ń wá káàkiri kóòtù. Wọn ò wá.

Mo gbàṣẹ lẹ́nu wọn kí n tó kọ èyí, torí mo rí i pé ẹ ò ra ẹ̀kọ wọn mọ́, ẹ̀ ń pè wọ́n ní ìyá olè. Láàárọ̀ yìí mo ra mẹ́wàá, mo sì jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ǹṣì títí igbá fi ṣófo. Ẹ ṣeun, Màmá. Olúwa á rẹ̀ yín lẹ́kún.